Ẹni Tó Ni Ara Ló Ni Ijó: Bí Iṣẹ́ Ọnà àti Ijó Ṣe Ń Wo Ọgbẹ́ Ìfipábánilòpọ̀

"Wọ́n ba ọmọ jẹ́ tán, ẹ tún wá ní kó máa jó?"

Ìbéèrè yìí ló máa ń bọ́ lẹ́nu ọ̀pọ̀ àgbàlagbà bí wọ́n bá gbọ́ pé àwọn kan ń fi ijó, ọ̀dà àti amọ̀ tọ́jú ẹni tí wọ́n fipá bá lò pọ̀. Ìfẹ́ ọmọ ló ń sọ ọ́, n kò sì ní bá ẹnikẹ́ni jà nítorí rẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, ijó wà fún ìkómọ, ìgbéyàwó, ìdúpẹ́ ọdún àti òkú àgbà. Ẹni tí ìbànújẹ́ bá wọlé tọ̀ ń káwọ́ lérí ni. Wọn kì í lùlù fún un. Nítorí náà, bí ìtọ́jú yìí bá dé etí wa láìsí àlàyé, ó máa ń jọ pé wọ́n ń fi ọmọ ọlọ́mọ ṣẹ̀sín. Àlàyé náà ni mo fẹ́ ṣe níhìn-ín, nítorí pé ẹni tí wọ́n hu ìwà yìí sí ń pàdánù ìrànlọ́wọ́ tó tọ́ sí i nígbà tí àwa tó yí i ká kò bá mọ ohun tí ìrànlọ́wọ́ náà jẹ́.

Ijapo Estate ní Àkúrẹ́ ni mo fi sọ́kàn bí mo ṣe ń kọ ọ́. Àdúgbò ilé ológiri àti géètì onírin ni. Bí nǹkan burúkú bá ṣẹlẹ̀ nínú yàrá kan níbẹ̀, ògiri àti ariwo jẹnẹrétọ̀ lè bò ó pátápátá. N kò sọ pé agbo-ilé àtijọ́ sàn ju èyí lọ. Ní agbo-ilé, gbogbo ènìyàn lè mọ̀, kí àwọn àgbà sì pàṣẹ pé kí ọ̀rọ̀ náà má jáde nítorí orúkọ ìdílé. Ní ibi méjèèjì, ẹnu ẹni tí wọ́n ṣe é sí ni wọ́n kọ́kọ́ ń dì. Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ènìyàn nìkan ló ń dì í. Ara ẹni náà fúnra rẹ̀ ń bá wọn dì í, bí a ó ṣe rí i.

Ohun tí òfin ń pè ní ìfipábánilòpọ̀

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣì rò pé àjèjì tó fi ọ̀bẹ dá ọmọbìnrin lọ́nà lóru nìkan là ń pè ní afipábánilòpọ̀. Òfin kò sọ bẹ́ẹ̀. Òfin tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2015 lórí ìwà ipá sí ènìyàn, èyí tí wọ́n ń pè ní VAPP, sọ pé bí ẹnìkan bá ki ẹ̀yà ara rẹ̀ tàbí ohunkóhun bọ ojú ara, ihò ìdí tàbí ẹnu ẹlòmíràn láìjẹ́ pé onítọ̀hún gbà, ìfipábánilòpọ̀ ni, ì báà jẹ́ ọkùnrin ni wọ́n ṣe é sí, ì báà jẹ́ obìnrin. Ìjìyà rẹ̀ lè dé ẹ̀wọ̀n gbére. Ìpínlẹ̀ Oǹdó ṣe òfin tirẹ̀ ní 2021, nígbà ìjọba Gómìnà Rótìmí Akérédolú. Lẹ́yìn ìyẹn, àwọn ìwà mìíràn tún wà tí ń ṣe ọmọ léṣe bákan náà: fífọwọ́ pa á lára níbi tí kò yẹ, fífi àwòrán ìhòòhò hàn án, mímú kó fọwọ́ kan ara àgbàlagbà.

Ìwádìí tí Àjọ Ètò Ìkànìyàn ṣe pẹ̀lú UNICEF ní 2014 fi hàn pé ọmọbìnrin 1 nínú 4 àti ọmọkùnrin 1 nínú 10 ní Nàìjíríà ni wọ́n ti hu irú ìwà bẹ́ẹ̀ sí kí wọ́n tó pé ọmọ ọdún 18. Ẹni tí ọmọ mọ̀ dáadáa ló sábà máa ń ṣe é: ìbátan, aládùúgbò, olùkọ́, ẹni tí wọ́n ń pè ní bùrọ̀dá tàbí dádì.

Ọgbẹ́ tó ń kù lẹ́yìn rẹ̀ yàtọ̀ sí ìbànújẹ́ lásán. Ẹni tí èèyàn rẹ̀ kú ń sunkún, ó sì mọ̀ pé ikú náà ti ṣẹlẹ̀ kọjá. Ẹni tó ní ọgbẹ́ ọkàn lè mọ̀ lórí pé ọdún mẹ́wàá ti kọjá, kí ara rẹ̀ sì máa ṣe bí ẹni pé alẹ́ ọjọ́ náà gan-an ló wà.

Ìdí tí ẹnu kì í fi lè sọ ọ́

"Kí ló dé tí o kò pariwo?" Wọ́n ń bi í ní àgọ́ ọlọ́pàá, wọ́n ń bi í ní pálọ̀, wọ́n ń bi í ní ọ́fíìsì wòlíì. Ẹni tó ń béèrè gbà pé ẹni tí kò bá fẹ́ yóò pariwo tàbí kó jà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ewu bá ju agbára àtisá àti àtijà lọ, ara ènìyàn lè le gbagidi: ọwọ́ kò ní gbé, ohùn kò ní jáde, ojú á là sílẹ̀ láìlè ṣe nǹkan kan. Onítọ̀hún kò pinnu rẹ̀, kò sì túmọ̀ sí pé ó gbà. Nínú ìwádìí kan tó jáde ní 2017 láti Stockholm, ní orílẹ̀-èdè Sweden, wọ́n bá obìnrin 298 sọ̀rọ̀ tí wọ́n wá sí ilé ìwòsàn pàjáwìrì lẹ́yìn tí wọ́n fipá bá wọn lò pọ̀. Ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún wọn sọ pé ara àwọn dì gan-an lásìkò náà.

Ohun tó ń tẹ̀ lé e ni pé ara kò tètè gbà pé ewu ti lọ. Ẹ wo ọlọ́dẹ àdúgbò kan tí àwọn ìgárá wọlé lójú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Láti ọjọ́ náà, bí ewúrẹ́ bá rìn, ó ti fun fèrè. Bí àlejò bá kan géètì, ó ti fun fèrè. Ẹ lè máa ṣàlàyé fún un di òwúrọ̀ pé àwọn olè náà ti wà lẹ́wọ̀n. Etí rẹ̀ á gbọ́, ọwọ́ rẹ̀ kò ní kúrò lára fèrè. Inú ọpọlọ wa ni ọlọ́dẹ bẹ́ẹ̀ wà, ní apá kan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti mọ ewu. Òórùn lọ́fíńdà kan, ìró kọ́kọ́rọ́ lẹ́nu ilẹ̀kùn, irú ọṣẹ kan báyìí, èyíkéyìí nínú wọn lè mú kó fun fèrè: àyà á máa já, òógùn á bò ó, oorun á dá. Ti àwọn mìíràn, ìdàkejì ni: ó ti rẹ ọlọ́dẹ náà títí ó fi sùn lọ, wọn kò sì mọ ìgbà tí ebi ń pa wọ́n mọ́, tàbí ìgbà tí iná jó wọn lọ́wọ́.

Láti àwọn ọdún 1990 ni àwọn onímọ̀ tó ń fi ẹ̀rọ ya àwòrán ọpọlọ ti ṣàkíyèsí pé nígbà tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá ń rántí ohun tó ṣẹlẹ̀, apá ọpọlọ tó ń bójú tó ìbẹ̀rù máa ń gbóná, apá kan tó ń bá wa ṣètò ọ̀rọ̀ sísọ sì máa ń rọlẹ̀. Nítorí náà, ọmọ tó ń sọ pé "mi ò mọ bí mo ṣe lè sọ ọ́" lè má purọ́ rárá. Bẹ́ẹ̀ ẹnu yìí kan náà ni ìdílé, ọlọ́pàá, dókítà àti ilé ẹjọ́ ń bá ní ọ̀rọ̀ ṣáá. Ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ni ìtọ́jú tí mo ń sọ ń gbà wọlé, ẹnu á máa bọ̀ lẹ́yìn.

Ibi tí ó ti wá

Ní 1942, ayàwòrán ará Gẹ̀ẹ́sì kan, Adrian Hill, tí òun fúnra rẹ̀ ti fi àwòrán yíyà gbé ara ró lórí ibùsùn nígbà tí ikọ́ ẹ̀gbẹ dá a dúbúlẹ̀, ni ó fún ìtọ́jú nípasẹ̀ iṣẹ́ ọnà ní orúkọ. Ọdún yẹn kan náà ni oníjó ará Amẹ́ríkà kan, Marian Chace, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilé ìwòsàn ọpọlọ St. Elizabeths ní Washington. Àwọn aláìsàn tí kì í bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ ni ó ń bá jó. Bí ẹnìkan bá ń mi orí, òun náà á mi tirẹ̀. Bí ẹnìkan bá ń fi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀, òun náà á lù ú, títí ẹni náà á fi mọ̀ pé ẹnìkan rí òun. Ẹgbẹ́ àwọn olùtọ́jú nípasẹ̀ iṣẹ́ ọnà fìdí múlẹ̀ ní Bìrìtìkó ní 1964. Tàwọn olùtọ́jú nípasẹ̀ ijó fìdí múlẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1966. Iṣẹ́ tí wọ́n ń kọ́ ní yunifásítì ni, kì í ṣe àṣà àwọn tó ń wá ohun tuntun kiri.

Ilẹ̀ Yorùbá náà kò sùn lórí ọ̀rọ̀ ọkàn ènìyàn. Ní 1954, Ọ̀jọ̀gbọ́n Thomas Adéoyè Lámbò bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Àrò, Abẹ́òkúta, níbi tí àwọn aláìsàn ọpọlọ ti ń gbé pẹ̀lú ìbátan wọn ní àwọn abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká, tí wọ́n sì ń bá àwọn ará abúlé ṣe iṣẹ́ àti fàájì wọn. Ohun tí Lámbò mọ̀ ni pé ènìyàn kì í gbádùn tán bí ó bá dá wà. Ìmọ̀ náà wúlò fún ọ̀rọ̀ tí a ń sọ yìí gan-an.

Bí ẹ bá wá wo inú àṣà wa, àwọn obìnrin wa ti ní àyè tí wọ́n ti ń fi ohùn àti ara sọ ohun tí a kì í sọ lójoojúmọ́. Ẹkún ìyàwó wà lọ́dọ̀ àwọn Ọ̀yọ́, alámọ̀ wà ní Èkìtì. Ní ìlú Oǹdó, òbítun wà, orin àti ijó àwọn wúńdíá tó ń bọ́ sí ipò obìnrin. Àwọn ènìyàn kan yóò fẹ́ sọ pé òbítun ni ìtọ́jú nípasẹ̀ ijó tiwa. N kò gbà. Òbítun ń yin ara ọmọbìnrin, ó ń gbé e jáde kí ìlú rí i, ó sì dára púpọ̀. Ṣùgbọ́n nínú irú ayẹyẹ bẹ́ẹ̀ káàkiri ilẹ̀ Yorùbá ni ọ̀rọ̀ ìbálé ti máa ń fara pamọ́ sí. Ọmọ tí wọ́n ti fipá bá lò pọ̀ lè dúró láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí ìlù ń dún, kí ó máa rò pé òun nìkan ni ìyìn náà kò kàn. Ohun tí a lè mú nínú òbítun ni ìgbàgbọ́ pé ara ọmọbìnrin yẹ fún iyì. Iyì náà kò gbọdọ̀ dá lórí ohun tí ẹlòmíràn ti fi ipá ṣe sí ara náà.

Kí ijó tó bẹ̀rẹ̀

Ilé ìwòsàn ló ṣáájú. Láàárín wákàtí 72 ni wọ́n lè fún ènìyàn ní oògùn tí kò ní jẹ́ kí kòkòrò HIV ràn án, bí ó bá sì ṣe yá tó ló ṣe dára tó. Láàárín ọjọ́ márùn-ún ni oògùn tí kò ní jẹ́ kí oyún dúró ṣì lè ṣiṣẹ́. Kí wọ́n tó yẹ̀ ẹ́ wò, ó sàn kó má tíì wẹ̀, kí wọ́n má sì fọ aṣọ tó wọ̀, nítorí ẹ̀rí. Ní Nàìjíríà, Mirabel Centre ní ọgbà ilé ìwòsàn LASUTH, Ìkẹjà, tó ṣí ní 2013, ni ó kọ́kọ́ kó ìtọ́jú ara àti ìgbaninímọ̀ràn jọ sí abẹ́ òrùlé kan fún àwọn tí wọ́n fipá bá lò pọ̀. Ijó kò lè ṣe iṣẹ́ oògùn. Kò sì ní ìtumọ̀ láti máa kọ́ ọmọ ní ijó ìwòsàn ní ọ̀sán tí yóò tún padà lọ sùn sí ilé tí ẹni tó ṣe é ń gbé ní alẹ́. Ìwé tí dókítà ará Amẹ́ríkà nì, Judith Herman, kọ ní 1992 ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí ń tẹ̀ lé: ààbò ni ipele kìíní, ìrántí àti ọ̀fọ̀ ni ìkejì, ìpadàbọ̀ sí àárín ènìyàn ni ìkẹta.

Bí ó ṣe ń lọ nínú yàrá

Ẹ jẹ́ kí a fi ojú inú wo ọmọbìnrin ọmọ ọdún 16 kan ní Ijapo, kí a pè é ní Àṣàkẹ́. N kò sọ ti ẹnikẹ́ni tó wà láyé. Àpẹẹrẹ lásán ni.

Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ẹnikẹ́ni kò ní bi Àṣàkẹ́ ní ohun tó ṣẹlẹ̀. Wọ́n á fi ẹnu ọ̀nà hàn án, wọ́n á sì jẹ́ kó mọ̀ pé wọn kò tì í. Òun ni yóò yan ibi tí yóò jókòó. Wọn kò ní sọ pé kó dijú, wọn kò ní sọ pé kó dùbúlẹ̀, ẹnikẹ́ni kò ní fọwọ́ kàn án. Ó lè jẹ́ pé bíbọ́ bàtà sílẹ̀ nìkan ni iṣẹ́ ọjọ́ náà, kó fi àtẹ́lẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀, kó mọ̀ bóyá ilẹ̀ tútù, kó mí, kó gbọn ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Ẹni tó bá yọjú lójú fèrèsé yóò sọ pé eré ọmọdé ni. Lójú mi, òun ni iṣẹ́ tó wúwo jù, nítorí ọmọ tó ti ń sá fún ara rẹ̀ láti oṣù mélòó kan sẹ́yìn ló tún gbé ẹsẹ̀ lé ilẹ̀ yẹn.

Lẹ́yìn èyí ni wọ́n á kọ́ ọ ní "dúró". Wọ́n á fi ẹfun tàbí okùn yí ibi tó dúró sí ká. Ẹnìkan á máa rìn bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, nígbà tó bá fẹ́, Àṣàkẹ́ á na ọwọ́, á ní, "Dúró níbẹ̀." Ẹni náà á dúró. Wọ́n á tún un ṣe, wọ́n á tún un ṣe.

Lọ́dọ̀ tiwa, nǹkan kékeré kọ́ ni èyí. A tọ́ ọmọ pé kì í sọ "rárá" sí àgbà. A tọ́ ọmọbìnrin pé kó kúnlẹ̀ kí ẹni tó jù ú lọ, kó wolẹ̀, kó má wo ojú àgbà. Ẹ̀kọ́ tó dára ni, èmi náà fi ń tọ́ ọmọ. Ṣùgbọ́n ẹ rò ó wò: bí ẹni tó hu ìwà yìí sí Àṣàkẹ́ bá jẹ́ ìbátan tó ń wọlé wọ̀de, ó ti ń kúnlẹ̀ kí i ní àràárọ̀. Ìyá rẹ̀, tí kò mọ nǹkan kan, á ní, "Ṣé o ò rí ẹ̀gbọ́n rẹ ni? Kí wọn dáadáa." Orúnkún Àṣàkẹ́ ti wá gbé ọ̀rọ̀ tí ẹnu rẹ̀ kò lè gbé. Nínú yàrá ìtọ́jú, ó lè gba ọ̀sẹ̀ púpọ̀ kí ó tó lè kúnlẹ̀ kí ó sì dìde nígbà tó wù ú, láìdúró de ẹni tí yóò sọ fún un pé kó dìde. Ìtọ́jú tí wọ́n bá kàn kó wá láti òkè òkun láìmọ ohun tí ìkúnlẹ̀ jẹ́ fún ọmọ Yorùbá yóò gba ẹ̀gbẹ́ ibi tí ọgbẹ́ náà wà kọjá ni.

Ọ̀dà àti amọ̀ ń wọlé láàárín èyí. Amọ̀ dára fún ẹni tí inú ń bí tí kò mọ ibi tí yóò bí i sí. Ó ṣeé fi ẹ̀ṣẹ́ gún, ó ṣeé ya, ó sì tún ṣeé mọ padà. Yíya àwòrán dára fún ẹni tí ọ̀rọ̀ há sí lọ́fun. Ẹlòmíràn a fẹ́ràn àdìrẹ, nítorí pé ọwọ́ ń ṣe ohun kan náà léraléra nígbà tó bá ń ta aṣọ ní okùn, ọkàn á sì rọlẹ̀. Olùtọ́jú tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í béèrè pé, "Ta ni o yà yìí?" Ó lè sọ pé, "Bí o bá fẹ́ sọ nǹkan kan nípa rẹ̀, mò ń gbọ́." Bí Àṣàkẹ́ kò bá fẹ́, ó parí síbẹ̀.

Ìtàn náà lè jáde nígbà tó bá yá. Ó lè gba ọ̀nà ẹlòmíràn jáde, bí ìtàn ọmọ kan tó gbé inú ilé kan. Olùtọ́jú kì í fà á. Bí àyà bá bẹ̀rẹ̀ sí í já, wọ́n á padà sí ẹsẹ̀ lórí ilẹ̀ tútù.

Ní ìgbẹ̀yìn ni ijó tí ènìyàn lè pè ní ijó ń dé, nínú agbo kékeré pẹ̀lú àwọn tí irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí. Ẹnìkan á dá ẹsẹ̀ kan, gbogbo agbo á ṣe é bí ó ti ṣe é. Bí onílù bá wà, ohun kan tí ìlù Yorùbá ní á wá ṣàǹfààní: onílù tó gbọ́n mọ bí a ṣe ń tẹ̀ lé ẹsẹ̀ oníjó. Nígbà tí Àṣàkẹ́ bá dúró, ìlù á dúró. Nígbà tó bá rọra gbé ẹsẹ̀, ìlù á rọra wá. Ohun tí wọ́n fi ipá gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ni àṣẹ lórí ara rẹ̀. Bí àgbàlagbà kan bá jókòó níwájú rẹ̀ pẹ̀lú dùndún tí ó ń tẹ̀ lé àṣẹ náà, àyà rẹ̀ á gbọ́ ohun tí ìmọ̀ràn ẹnu kò lè sọ fún un.

Ṣé ó ń ṣiṣẹ́?

Ní ìlú Boston, Bessel van der Kolk àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí kan jáde ní 2014 lórí obìnrin 64 tí ọgbẹ́ ọkàn ti ń bá jà fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí ìtọ́jú mìíràn kò tíì ràn lọ́wọ́ tó. Àwọn kan ṣe yoga, ìdárayá tí a fi ń na ara tí a sì ń kíyè sí èémí, tí wọ́n ṣètò fún irú wọn fún wákàtí kan lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá. Àwọn yòókù gba ẹ̀kọ́ nípa ìlera. Ní ìparí, ìdá 52 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó ṣe yoga ni àmì àìsàn náà kò pé mọ́ lára wọn. Lára àwọn yòókù, ìdá 21 ni. Yoga kì í ṣe ijó, ṣùgbọ́n ọ̀nà kan náà ni wọ́n ń gbà dé inú ara. Ìwádìí lórí ijó àti àwòrán fúnra wọn ṣì kéré, n kò sì ní fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta á bí gbogboǹṣe.

Nítòsí wa ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ní 2006, olùtọ́jú kan tó ń jẹ́ David Alan Harris kó ọmọkùnrin 12 jọ ní Koindu, ní orílẹ̀-èdè Sierra Leone, àwọn tí wọ́n ti sọ di ọmọ ogun ní kékeré. Ijó tí àwọn ọmọ náà mọ̀ fúnra wọn ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó yá, àwọn fúnra wọn ṣe eré níwájú àwọn ará ìlú, wọ́n fi ohun tí wọ́n ṣe sí wọn hàn, wọ́n sì fi ohun tí àwọn náà ṣe sí ẹlòmíràn hàn. Ìbínú àti àìbalẹ̀ ọkàn wọn dínkù. Ní Bukavu, ní Congo, níbi tí ilé ìwòsàn Panzi ti Dókítà Denis Mukwege wà, ẹni tó gba ẹ̀bùn Nobel fún àlàáfíà ní 2018, ibùdó kan tí wọ́n ń pè ní City of Joy ṣí ní 2011. Oṣù mẹ́fà ni àwọn obìnrin tí wọ́n fipá bá lò pọ̀ nígbà ogun ń gbé níbẹ̀, ijó àti eré sì wà lára ohun tí wọ́n ń ṣe. Ní Íńdíà, Sohini Chakraborty dá Kolkata Sanved sílẹ̀ ní 2004 fún àwọn ọmọbìnrin tí wọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò ènìyàn. Àwọn kan lára wọn ti di olùkọ́ tó ń fi ijó tọ́jú ẹlòmíràn. Nílé níbí, Kúnlé Adéwálé, tó dá Tender Arts Nigeria sílẹ̀, ti gbé ọ̀dà àti bíróòṣì wọ inú ilé ìwòsàn.

Ó yẹ kí a ya èyí sọ́tọ̀ kúrò lára eré orí ìtàgé. "Hear Word!" tí Ifeoma Fáfúnwá gbé jáde ní Èkó ní 2014 ń sọ ìṣòro àwọn obìnrin Nàìjíríà lójú gbogbo ayé. Ìwé Lọlá Ṣónẹ́yìn lórí àwọn ìyàwó Bàbá Ṣẹ́gi, tí ọ̀kan nínú wọn, Bọ́láńlé, ti gbé ọgbẹ́ ìfipábánilòpọ̀ wọ ilé ọkọ, di eré orí ìtàgé ní London ní 2018. Àwọn iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ń la ojú àwùjọ, mo sì bọ̀wọ̀ fún wọn. Òǹwòran ni wọ́n ṣe wọ́n fún. A kì í ṣe ìtọ́jú nítorí òǹwòran.

Àwọn àṣìṣe tó yẹ kó kúrò nílẹ̀

Èyí tó léwu jù ni kí òbí tàbí olùkọ́ wo àwòrán ọmọ kó sì sọ pé, "Kò ya ọwọ́ sí i, nítorí náà wọ́n ti bá a sùn," tàbí, "Ó lo àwọ̀ dúdú." Àwòrán kì í ṣe ẹ̀rí ilé ẹjọ́, kò sì sí àmì kan nínú àwòrán tó lè dá fi ìdí ìwà ipá múlẹ̀. Ọmọ lè lo àwọ̀ dúdú nítorí pé òun ló kù nínú páálí. Bí àwòrán bá mú ọ fura, dókítà àti ẹni tó mọ̀ nípa ọmọdé ni kó o mú ọmọ lọ bá, kì í ṣe ìpàdé ẹbí.

Èkejì ni pé ẹni tó bá jó, tó rẹ́rìn-ín, ti gbàgbé, tàbí pé irọ́ ló pa láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó dùn mí púpọ̀ pé wọ́n ń fi fídíò ijó níbi ìnáwó ta ko ọmọbìnrin tó fẹjọ́ sùn. Ara tó farapa lè jó. Ènìyàn lè rẹ́rìn-ín ní Sátidé kí ó má lè sùn ní Sọ́ńdè.

Ẹ̀kẹta kan ilé ìjọsìn. Àwa ará Àkúrẹ́ àti Oǹdó mọ ijó ìyìn dáadáa, ó sì ti gbé ọ̀pọ̀ ènìyàn dúró. Bí ó bá wá láti ọkàn ẹni náà, kò sí ẹni tó yẹ kó dá a lẹ́kun. Ṣùgbọ́n kí wọ́n fa ọmọ jáde síwájú ìjọ, kí wọ́n ní kó jó "ijó ìṣẹ́gun", kó sì dárí ji ẹni náà kí orin tó parí, ipá mìíràn ni ìyẹn. Ìdáríjì kì í ṣe ọ̀kan nínú ipele ìtọ́jú. Ẹni tó bá fẹ́ dárí jì lè ṣe é ní àkókò tirẹ̀, ẹjọ́ sì lè máa lọ.

Ẹ̀kẹrin kan àwọn ọkùnrin. Ọmọkùnrin 1 nínú 10 tí mo dárúkọ lókè ń gbé láàárín wa, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì sọ ọ́ rí nítorí ẹ̀rù pé wọ́n á ní wọn kì í ṣe ọkùnrin. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin tí kò ní jókòó sọ̀rọ̀ yóò lùlù, yóò gbẹ́gi, yóò gbá bọ́ọ̀lù. Ẹ jẹ́ kí a gba ibẹ̀ wọlé sí wọn.

Bí ẹnìkan bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ijapo

Ohun tí a nílò kò jìnnà. Ìlú Oǹdó ní yunifásítì ìmọ̀ ìṣègùn, UNIMED, láti 2015, ó sì ní Yunifásítì Ẹ̀kọ́ Adéyẹmí tó ń kọ́ àwọn olùkọ́. Àkúrẹ́ ní gbọ̀ngàn àṣà Adégbemilé. Àwọn oníjó mọ ara. Àwọn nọ́ọ̀sì àti onímọ̀ ọkàn mọ ọgbẹ́. Oníjó tí kò kọ́ nípa ọgbẹ́ lè ṣí ohun tí kò lè dì padà, nítorí náà kò gbọdọ̀ dá iṣẹ́ yìí ṣe. Ẹni tó bá ń sọ pé òun fẹ́ pa ara òun kò sí lọ́wọ́ oníjó rárá. Dókítà ló ni ín lọ́jọ́ náà.

Yàrá kan tó mọ́ tó. Kó má ní pátákó tó ń kéde pé ibi àwọn tí wọ́n fipá bá lò pọ̀ ni, nítorí ojú àwọn aládùúgbò. Kí wọ́n má gbé fóònù wọlé. Kí ẹni tó fún wọn lówó má béèrè fọ́tò àwọn ọmọ tó ń jó, kódà bí wọ́n bá ní àwọn á bo ojú wọn. Bí wọ́n bá fẹ́ pàtẹ àwòrán, kí wọ́n béèrè lọ́wọ́ ẹni tó yà á, kí wọ́n tún béèrè lẹ́yìn oṣù kan, torí ẹni tó ní "bẹ́ẹ̀ ni" lónìí lè ní "rárá" lọ́la. Ẹni tó yà á ló ni ín. Bí ó bá fẹ́ gbé e lọ sílé, kó gbé e; bí ó bá fẹ́ fà á ya, kí wọ́n fún un láyè kó fà á ya, kí olùtọ́jú má sì ṣe tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀ pamọ́ sínú fáìlì láìsọ fún un.